Ẹ Jẹ́ Kí Aláìsàn Sọ̀rọ̀ Tán

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo ka lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí àwọn tó ń fi hómíópátì (irú ìṣègùn kan tó yàtọ̀ sí ti ọsibítù) wo àìsàn, ẹni náà ní ẹlẹ́tàn ni gbogbo wọn, pé kí ló dé tí wọ́n á máa bi èèyàn léèrè àlá tó lá àti bó ṣe gbé ìgbà ọmọdé ẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé orúnkún ló ń dùn ún. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mi ò dẹ̀ lè gbé e mì. Ẹni yẹn ò parọ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ, ìdajì tó kù ló ká mi lára jù torí ìyá tó bí mi ló ṣẹlẹ̀ sí.

Kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ọdún 27 ni mo fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ káàdì ní ọsibítù kan níbí ní Ìlọrin kí n tó fẹ̀yìn tì. Irú wa lẹ máa ń bá lójú fèrèsé, ẹ̀ ẹ́ na nọ́ńbà yín sí wa, àwa náà á wọlé lọ wá fáìlì yín láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì tí eruku ti bò, tí èkúté ti jẹ etí òmíràn. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ yẹn pẹ́ á mọ̀ pé ìgbésí ayé ọmọ èèyàn ló wà nínú páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, á sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nù. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n jàre. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé káàdì sílé, wọ́n á ní kẹ́ ẹ ra òmíràn, tẹ́ ẹ bá dẹ̀ ti ra òmíràn ẹ ti di àlejò nìyẹn, ọmọ tẹ́ ẹ fi iṣẹ́ abẹ bí, oògùn tó mú ojú yín wú lọ́dún kẹta, bàbá yín tó jẹ́ pé rọpárọsẹ̀ ló pa wọ́n, gbogbo ẹ̀ ti wà nínú káàdì àtijọ́ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé, dókítà á wá bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé funfun. Èmi fúnra mi ti ta irú káàdì bẹ́ẹ̀ fún èèyàn láìmọye ìgbà torí pé ilà ti gùn, àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń pariwo. Ó ń dùn mí títí dòní.

Màámi ń gbé nílùú wa lápá Ìgbómìnà, ẹni ọdún 74 ni wọ́n. Láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n lọ rí dókítà. Mo gba káàdì wọn, mo kà á. Ìlà mẹ́rin ló wà níbẹ̀: ara ríro, ara ríro, ara ríro àti àìróorunsùn, ara ríro. Ọwọ́ ìkọ̀wé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n wọn bípì wọn, wọ́n kọ oògùn ara ríro àti fítámì fún wọn, ó parí. Mi ò bú àwọn dókítà yẹn o, mo mọ ohun tójú wọn ń rí, mo ti rí ọjọ́ tí dókítà kan ṣoṣo jókòó láti aago mẹ́jọ tó rí èèyàn tó lé ní 60 kó tó ráyè dìde lọ tọ̀. Àwọn kan kó ìwádìí jọ láti orílẹ̀-èdè 67 lórí ìṣẹ́jú tí dókítà ń lò pẹ̀lú aláìsàn kan, ó jáde lọ́dún 2017, ní Sweden ó lé ní ìṣẹ́jú 22, ní Bangladesh ìṣẹ́jú àáyá 48 ni, kò tiẹ̀ pé ìṣẹ́jú kan. Kí ni ìyá arúgbó tó ń rọra wá ọ̀rọ̀ fẹ́ sọ tán nínú ìyẹn? Kó tó kí dókítà, kó tó jókòó, kó tó tú gèlè, wọ́n ti ń pe nọ́ńbà tó kàn.

Àbúrò mi obìnrin ló ní ká gbé wọn lọ sọ́dọ̀ oníhómíópátì kan tí wọ́n júwe fún un ní Ìlọrin. Mi ò fẹ́, àmọ́ tí ara ìyá ẹni ò bá yá, kò síbi téèyàn ò ní gbé e dé. Ọkùnrin náà ò kánjú rárá. Ó pa fóònù ẹ̀, ó ṣí ìwé ńlá kan báyìí, ó ní, "Màmá, ibi tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, mò ń gbọ́ yín." Wákàtí méjì ó dín díẹ̀ la lò níbẹ̀.

Ohun tó ń ṣe yẹn kì í ṣe àrà tóun fúnra ẹ̀ dá. Dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Samuel Hahnemann, tí wọ́n bí lọ́dún 1755, ló bẹ̀rẹ̀ hómíópátì, ìwé tó kọ tó jáde lọ́dún 1810 ló to bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu aláìsàn sí. Ó ní kí dókítà dákẹ́, kó jẹ́ kó sọ tán, kó má já lu ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu àfi tó bá ti yà sí nǹkan mí-ìn, kó kọ ọ́ bó ṣe ti ẹnu ẹ̀ jáde gan-an, kó mú ìlà tuntun fún ohun kọ̀ọ̀kan tó bá sọ kó dẹ̀ fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, torí èèyàn á tún rántí nǹkan tó bá yá, kó má sì bi í ní ìbéèrè tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa fi dáhùn. Ọdún 1843 ló kú, ìwé tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn ẹ̀ sí ṣì wà ní Stuttgart títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Èmi tí mo ti wá fáìlì ọdún márùn-ún títí tí mi ò rí i, nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, omi bọ́ lójú mi.

Ìdí tí wọ́n fi ń bèèrè tó bẹ́ẹ̀ ni pé orúkọ àìsàn nìkan ò tó wọn. Lójú tiwọn, ẹni tórí ń fọ́ tó ń wá afẹ́fẹ́ tútù kiri àti ẹni tórí ń fọ́ tó ní kí wọ́n fi aṣọ wé òun lórí pinpin, oògùn wọn ò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń bèèrè ẹ̀gbẹ́ téèyàn fi ń sùn, ṣé iyọ̀ ló máa ń wù ú ni àbí ohun dídùn, àlá tó ń lá ní àlátúnlá, ohun tó ń bà á lẹ́rù, ikú tó pa òbí ẹ̀, ọ̀fọ̀ tó ti ṣẹ̀ ẹ́ rí. Kò dẹ̀ ṣàjèjì sí wa, ẹni tó bá lọ sọ́dọ̀ ààfáà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á bi í ni orúkọ ìyá ẹ̀.

Ibi tó ti bèèrè ọ̀fọ̀ ni nǹkan ti yí padà.

Mo ní àbúrò ọkùnrin kan tó tẹ̀ lé mi. Ibà ló pa á, ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ẹ mọ àṣà wa, wọn kì í jẹ́ kí abiyamọ mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ ẹ̀ sí. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́, wọ́n ní kó gbójú sókè torí ọmọ tó kù, ìyẹn èmi, àti oyún tó wà níkùn. Èmi ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà yẹn, gbogbo ohun tí mo rántí ni pé wọ́n gbé mi lọ sílé ìyá àgbà. Màámi ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn létí mi rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Iwájú ọkùnrin tí wọn ò mọ̀ rí yìí ni wọ́n ti sọ pé gbogbo ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń rọ̀ làwọn máa ń ronú pé ilẹ̀ ibo ló wà tí òjò yẹn ń pa. Wọ́n bú sẹ́kún. Ọkùnrin náà ò sọ pé kí wọ́n má sunkún. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó dúró. Nígbà tí wọ́n nujú tán ló rọra bi wọ́n pé, "Màmá, tẹ́ ẹ bá ń sunkún báyìí, ta lẹ máa ń fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín?" Wọ́n ní kò sẹ́nì kankan, pé inú balùwẹ̀ làwọn máa ń wọ̀ lọ.

Ó wá kan oorun. Màámi ní ìtọ̀ ló máa ń jí àwọn, á tó ẹ̀ẹ̀mẹfà ẹ̀ẹ̀meje lóru, tí àwọn bá dẹ̀ ti tọ̀ tán, òùngbẹ ló kù. Wọ́n ti gbé amù kékeré tí mo rà fún wọn ní Òkèlele wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kílẹ̀ tó mọ́ omi inú ẹ̀ á ti gbẹ. Wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní èèrà ò jẹ́ káwọn gbádùn ẹ̀yìnkùlé mọ́, ibi táwọn bá tọ̀ sí lóru, tó bá fi máa di àárọ̀ èèrà á ti bo ibẹ̀ dúdú. Ọkùnrin náà kọ ọ́. Mo ń wo ọwọ́ ẹ̀. Ó kọ èèrà, ó kọ òùngbẹ, ó fa ìlà méjì sábẹ́ òùngbẹ. Ara mi bù máṣọ níbi tí mo jókòó sí.

Nígbà tó parí, ó yẹ ìwé kan wò tí wọ́n to àmì àìsàn sí, ó bu wóró wóró funfun kan sínú ìgò kékeré, ó ní Natrum muriaticum 200 ni, ká padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Mo délé, mo wádìí ẹ̀. Iyọ̀ ni o. Iyọ̀ ọbẹ̀ tá à ń jẹ yìí. Àwọn oníhómíópátì ní òun ni oògùn ẹni tó gbé ìbànújẹ́ mì, tí kì í fẹ́ kí wọ́n rẹ òun lẹ́kún, tí òùngbẹ ń gbẹ, tí iyọ̀ máa ń wù jẹ. Ẹ ò rí i pé àfi bí ẹni ya fọ́tò màámi? Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á mú ìwọ̀n kan nínú ẹ̀, wọ́n á pò ó mọ́ ìwọ̀n 99 nǹkan mí-ìn, wọ́n á gbọ̀n ọ́n dáadáa, wọ́n á tún mú ìwọ̀n kan nínú ìyẹn mọ́ 99 òmíràn, wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 200. Ọmọ mi tó ka kẹ́mísírì ló ṣírò ẹ̀ fún mi lórí tábìlì, ó ní tí wọ́n bá fi máa ṣe é kọjá ìgbà 12, ó ṣòro kéèyàn rí ẹyọ iyọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀. Àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba Australia yẹ àwọn ìwádìí tó wà lórí ẹ̀ wò, lọ́dún 2015 wọ́n ní àwọn ò rí àìsàn kankan tí ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé wà pé hómíópátì ń wò ó sàn. Ní ti oògùn yẹn, mo wà lẹ́yìn ẹni tó kọ lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ọjọ́ kejì, kí màámi tó fẹnu kan nǹkan kan, mo gbé wọn lọ sí láàbù. Ṣúgà wọn jẹ́ 287. Láàárọ̀ téèyàn ò tíì jẹun, kì í fi bẹ́ẹ̀ dé 100 fún ẹni tára ẹ̀ dá, tó bá ti di 126 tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tó ṣì ga bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fetí sí orúkọ tí àwọn baba wa fún àìsàn yẹn: tọ̀, gbẹ. Wọn ò ní láàbù, ẹnu aláìsàn ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Gbogbo ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ ni màámi fẹnu ara wọn sọ. Ọsibítù ò gbọ́ torí wọn ò fún wọn láyè kí wọ́n sọ ọ́. Oníhómíópátì gbọ́, ó kọ ọ́, ó tiẹ̀ fa ìlà sí i, àmọ́ inú ìwé ló ti lọ wá ohun tó bá a mu, kò rán wa lọ wò ó nínú ẹ̀jẹ̀. Ká ní oṣù kan gbáko la fi jókòó nílé tá à ń ka wóró funfun yẹn, mi ò fẹ́ ronú ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá dé.

Ohun tí mo ń bá ẹ̀yin méjèèjì jà sí nìyẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà wọ́n gbọ́. Gbígbọ́ ìtàn èèyàn látòkèdélẹ̀ kì í ṣe ìwà àwọn ẹlẹ́tàn. Nílùú Ọba lọ́dún 1975, àwọn dókítà ọsibítù gidi yẹ aláìsàn tuntun 80 wò, 66 nínú wọn ló jẹ́ pé lẹ́tà tí dókítà àkọ́kọ́ kọ àti ìtàn tí aláìsàn fẹnu ara ẹ̀ sọ ti tó láti mọ ohun tó ń ṣe é, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí wọ́n tó gbé e lọ sí láàbù. Ní Southampton níbẹ̀ náà, wọ́n kó èèyàn 83 tí oríkèé ń ro jọ, gbogbo wọn ń lo oògùn ọsibítù wọn lọ, wọ́n jẹ́ káwọn kan jókòó sọ ìtàn ara wọn fún oníhómíópátì, wọ́n fún apá kan lóògùn hómíópátì, wọ́n fún apá kan ní ohun tó jọ ọ́ lásán tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Oògùn ò mú ìyàtọ̀ kankan wá. Ìjókòó sọ̀rọ̀ yẹn ló ṣe àwọn tó jókòó láǹfààní. Ẹ wá sọ fún mi, kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn tí oògùn wọn ò ṣiṣẹ́ nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ tẹnu wa tán?

Wọ́n á ní dókítà ò pọ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ mo ti rí ohun tó ń lọ lórí bẹ́ǹṣì fún ọdún 27. Èèyàn á gba nọ́ńbà láago méje, á rí dókítà láago kan ọ̀sán, wákàtí mẹ́fà tí kò sí nǹkan tó ń ṣe ju kó máa wo ẹ̀yìn orí ẹni tó wà níwájú ẹ̀. Nínú wákàtí mẹ́fà yẹn, ṣé a ò lè rí ẹnì kan tó máa jókòó tì í kó kọ ìtàn ẹ̀ sílẹ̀? Àwọn ọmọ iléèwé ìmọ̀ ìlera tó wà ní Ọ̀ffà ń bọ̀ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa lọ́dọọdún, ẹ fún wọn ní ìwé àti bírò. Kí wọ́n bèèrè ikú tó pa òbí ẹ̀, oyún mélòó ló ní, mélòó ló bàjẹ́, oògùn tí kò bá a lára mu, àgbo tó ń mu lọ́wọ́ (èèyàn kì í sọ ti àgbo fún dókítà, ẹ̀rù pé wọ́n á jágbe mọ́ wọn ló ń bà wọ́n), bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń tọ̀, ta ni wọ́n jọ ń gbé. Kí wọ́n bèèrè iṣẹ́ tó ṣe jẹun. Ìyá kan wà, mi ò ní júwe ẹ̀ jù báyìí lọ, tó fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé ẹ̀ mọ ìkòkò tó sì ń sun ún, ikọ́ ò jẹ́ kó mí, omi ikọ́ ni wọ́n ń kọ fún un léraléra ọdún dé ọdún, kò sẹ́ni tó kọ èéfín sínú káàdì yẹn rí. Èmi ni mò ń yọ káàdì ẹ̀, mo mọ̀.

Ẹ̀gún tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ò pamọ́ fún mi o. Ẹni tó bá sọ irú ohun tí màámi sọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kò ní dé ọjà. Mo mọ àwọn tí wọn ò gbà kí wọ́n kọ HIV wọn sílẹ̀ torí pé ará àdúgbò wọn ló wà lójú fèrèsé káàdì. A ò lè máa gba ìtàn èèyàn lórí bẹ́ǹṣì tí gbogbo èèyàn ti ń gbọ́, ó gba yàrá, kó kéré bó ṣe lè kéré, àti ìlẹ̀kùn tó ń tì. Ẹni tó bá tú àṣírí aláìsàn, kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ẹ̀yin oníhómíópátì tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ dákun, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ yín. Ẹ ní ohun tí àwọn tó kù ò ní, ẹ ní sùúrù, ẹ ní etí. Tí aláìsàn bá sọ fún yín pé èèrà ń bo ìtọ̀ òun, pé òun ń rù, pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbi tí kò yẹ kó ti jáde, ẹ pa ìwé yẹn dé kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà sí ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Mo padà lọ bá ọkùnrin yẹn. Mo fi ìwé láàbù hàn án. Ó kà á, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ tó kú yẹn ló gba òun lọ́kàn, òun ò ronú kan ibòmíì. Mi ò bá a jà. Mo ní kó fún mi ní ẹ̀dà ohun tó kọ, ó fún mi láìjiyàn, ojú ìwé mẹ́sàn-án. Mo dà á kọ sínú ìwé kékeré kan, mo fi tẹ́ẹ̀pù lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì màámi kó má baà sọnù, a gbé e lọ bá dókítà tó ń rí àwọn alátọ̀gbẹ.

Ọmọdébìnrin ni dókítà yẹn, èèyàn ṣì pọ̀ níta. Mo rò pé á gbé ìwé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Ó ṣí i, ó ń kà á, nígbà tó dé ojú ìwé kẹta ó dúró, ó wo ojú màámi, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Kí lorúkọ ẹ̀?" Màámi dárúkọ ẹ̀ fún un. Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu wọn láti ọdún yẹn. Dókítà wá ní kí wọ́n bọ́ bàtà. Egbò kan wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì wọn, kò tóbi ju hóró ata lọ, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ti ń jinná báyìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé káàdì tó ti fẹ̀yìn tì,
Tánkè, Ìlọrin.